Táyà Fífẹ̀ Lórí Rímù Tóóró: Bí Ẹ Ṣe Lè Gbé E Wọ Hilux fún Ọ̀nà Oko

Tí ẹ bá dúró sí ìdí fọkanáísà ní Ìdànrè tàbí ní Ṣakí nígbà òjò, ẹ ó gbọ́ ìbéèrè kan lẹ́nu àwọn tó ní Hilux: “Ṣé táyà tó fẹ̀ ju eléyìí lọ lè wọ rímù mi?” Ìdáhùn tí wọ́n sábà máa ń gbà ni, “Á wọ̀ ọ́, ọ̀gá.” Òótọ́ ni, á wọ̀ ọ́. Táyà tí kò yẹ náà á wọ̀ ọ́. Wíwọ̀ tó wọ̀ ọ́ kò sọ nǹkan kan fún yín nípa bó ṣe máa ṣe nígbà tí ọkọ̀ bá kún fún ẹrù, tó sì ń sáré 100 lórí títì.

Púpọ̀ nínú àwọn Hilux oníṣẹ́ àtijọ́, àwọn tí kò ní fàájì kankan nínú, rímù irin oníṣì 15 ló bá wọn wá, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ íǹṣì 6 péré. Ẹni tó bá fẹ́ táyà gbàǹgbà fún ọ̀nà oko ní láti mú ọ̀kan nínú méjì: kó wá owó rímù tó fẹ̀ sí i, tàbí kó gbé táyà fífẹ̀ wọ rímù tó wà nílẹ̀. Ọ̀nà kejì yìí ni a ó tọ̀ níbí. Ní tèmi o, mi ò ka rímù tóóró sí àléébù. Nínú igbó, ó tiẹ̀ máa ń dára ju rímù fífẹ̀ lọ, tí ẹ kò bá ṣáà ti kọjá ààlà tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe táyà náà fi lélẹ̀. Ẹni tó bá kọjá ààlà yẹn, oko lè má mú un. Títì ló máa mú un.

Ohun tí rímù tóóró ń ṣe fún táyà

Táyà ní etí méjì, tó le gbagidi nítorí wáyà tó wà nínú rẹ̀. Etí yìí ló ń jókòó sínú rímù, tí afẹ́fẹ́ sì ń tì í mọ́ ètè rímù kó má baà yẹ̀. Nígbà tí ẹ bá tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ lè rìn lórí yanrìn tàbí nínú ẹrẹ̀, agbára tó ń ti etí náà ti dín kù. Ẹ kàn yí sìtíárìn lójijì báyìí, etí á yọ, afẹ́fẹ́ á jáde ní fùú, rímù á sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Lórí rímù tóóró, ara táyà fífẹ̀ máa ń wú síta bí àpò ẹ̀wà tí wọ́n so lọ́rùn. Etí méjèèjì ló fẹ́ ya ara wọn ju bí rímù ṣe gbà wọ́n láyè lọ, nítorí náà wọ́n ń ti ètè rímù fúnra wọn, kódà kí afẹ́fẹ́ tó pọ̀. Èyí ló fà á tí táyà bẹ́ẹ̀ kì í fi í tètè yọ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá kéré. Àǹfààní kejì ni pé ara táyà yọ kọjá ètè rímù, òkúta tó bá gbá a, rọ́bà ló kọ́kọ́ bá pàdé. Àmọ́ kùkùté náà ń rí rọ́bà yẹn gbá o, ẹ̀gbẹ́ táyà sì ni ibi tí kò nípọn jù lọ.

Ìpalára rẹ̀ wà ní ojú táyà. Bí rímù bá ṣe ń tóóró sí i ni ojú táyà ń yọ ikùn sí i: àárín nìkan ló ń fi gbogbo ara tẹ títì, ẹ̀gbẹ́ ojú táyà lọ́tùn-ún àti lósì ń fò lókè. Àárín á jẹ tán kí ẹ̀gbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ẹ̀gbẹ́ táyà tún ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn ju bó ṣe yẹ lọ, ó ń gbóná, ọkọ̀ sì ń mì lẹ́yìn nígbà tí ẹ bá ń yà fún ẹlòmíràn. Ẹ wo àwọn ará Iceland tó ń wa ọkọ̀ lórí yìnyín: rímù tó fẹ̀ gan-an ni wọ́n ń lò, nítorí wọ́n fẹ́ kí táyà tẹ́ pẹrẹsẹ, afẹ́fẹ́ tó kù nínú rẹ̀ lè má ju 3 sí 5 PSI lọ (PSI ni ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ tí gẹ́ẹ̀jì fọkanáísà ń kọ), ṣùgbọ́n wọ́n ní láti wá ọgbọ́n mìíràn dá sí i kí etí táyà má baà yọ. Ẹrẹ̀ tiwa ní ilẹ̀ líle nísàlẹ̀. Kò sí ìdí tí a ó fi ṣe bíi tiwọn.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ mọ ìbú rímù yín

Wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ sára rímù, lẹ́bàá ihò fáàfù tàbí lẹ́yìn rímù níbi tí ẹrẹ̀ máa ń bò. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á dáadáa. Ohun tí ẹ ń wá ni nǹkan bíi 6J×15 tàbí 15×6J. 6 ni ìbú ní íǹṣì, 15 ni gíga rímù, J sì ni irú ètè tó ní. Tí H tàbí H2 bá wà níbẹ̀, ó túmọ̀ sí pé rímù náà ní òkè kékeré nínú, tó ń dá etí táyà dúró kó má yọ́ sí àárín. Ẹ rántí àmì H yìí, a ó padà sí i.

Tí ìpẹtà bá ti jẹ nọ́ńbà náà, ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tú táyà kúrò. Inú ètè kan sí inú ètè kejì ni kí ẹ wọ̀n, níbi tí etí táyà ń tì. Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í: wọ́n á fi tépù sí ẹ̀yìn ètè ọ̀tún títí dé ẹ̀yìn ètè òsì, tépù á sọ íǹṣì 7, wọ́n á sì lọ ra táyà rímù oníṣì 7. Nǹkan bí íǹṣì kan nínú ohun tí tépù yẹn sọ, irin ètè lásán ni.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yan táyà tó gba rímù náà

Ẹ jẹ́ ká mú 235/75R15. Ìbú ara táyà jẹ́ mìlímítà 235. Gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ìbú náà. Ó sì ń wọ rímù oníṣì 15. Ohun tí wọn kì í kọ sára táyà ni ìbú rímù tó gbà á. Inú ìwé ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn, ni ẹ ti máa rí i. Àwọn tó wọ́pọ̀ nìyí:

- 225/70R15 gba rímù íǹṣì 6 sí 7.5
- 235/75R15 gba 6 sí 8
- 255/70R15 gba 6.5 sí 8.5
- 31×10.50R15 (gíga táyà jẹ́ íǹṣì 31, ìbú rẹ̀ íǹṣì 10.50) gba 7 sí 9
- 235/85R16 gba 6 sí 7.5
- 245/75R16 gba 6.5 sí 8
- 265/70R16 gba 7 sí 9
- 33×12.50R15 gba 8.5 sí 11

Ẹ wo ìlà kejì àti ìlà kẹrin. Ẹni tó ní rímù 6J lè lo 235/75R15 láìbẹ̀rù. Ìsàlẹ̀ ààlà gan-an ló wà, ibẹ̀ ló sì dára jù fún oko. Ní ti 31×10.50, tí gbogbo ayé fẹ́ràn nítorí pé ó ń dẹ́rù bani tí ẹ bá rí i lábẹ́ ọkọ̀, rímù tó kéré jù tó gbà á fi odidi íǹṣì kan fẹ̀ ju rímù yẹn lọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń lò ó bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní kò tíì ṣe àwọn ní nǹkan. Lórí ọkọ̀ tí kì í kúrò lóko, tí kì í sáré ju 40 lọ, bóyá. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń jáde láti oko wá bọ́ sójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ pẹ̀lú èèyàn nínú, mi ò ní gbà á nímọ̀ràn fún ẹnikẹ́ni.

Fún íǹṣì ààbọ̀ kọ̀ọ̀kan tí rímù bá fi dín, ara táyà máa ń dín ní nǹkan bíi mìlímítà 5. Rímù íǹṣì 6.5 ni wọ́n fi wọn 235/75R15 ní ilé-iṣẹ́, nítorí náà lórí 6J, ẹ ó rí táyà tó jẹ́ bíi 230. Kò burú.

Ẹ má tíì sanwó. Nọ́ńbà kan ṣì wà tí àwọn oníṣòwò kì í mẹ́nu bà, òun ló sì ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó ń kó ẹrù: nọ́ńbà ìgbẹ́rù, èyí tó máa ń tẹ̀lé ìwọ̀n táyà. Táyà ọkọ̀ ẹrù 225/70R15C sábà máa ń ní 112 lára. 112 túmọ̀ sí pé táyà kan lè gbé kìlógíráàmù 1,120. 235/75R15 tí ẹ fẹ́ fi pààrọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ 105, ìyẹn kìlógíráàmù 925. Ó fẹ̀ jù ú lọ, ó ga jù ú lọ, kò sì lágbára tó o! Táyà ẹ̀yìn méjèèjì, dípò 2,240 tí wọ́n lè gbé tẹ́lẹ̀, ó ti di 1,850, ìwúwo ọkọ̀ fúnra rẹ̀ sì wà nínú iye yẹn. Àpò kòkó 16 ló ń di tọ́ọ̀nù kan. Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó kó o sẹ́yìn ọkọ̀. Irú 235/75R15 kan wà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 109, tó ń gbé 1,030. Ìyẹn sàn díẹ̀. Tí ọkọ̀ yín bá jẹ́ ti ẹrù gidi, ẹ wá táyà tó ní C tàbí LT lára, àmì táyà ọkọ̀ ẹrù, kí ẹ sì ka nọ́ńbà rẹ̀ fúnra yín. Ẹ má gba “ó lágbára, ọ̀gá” gbọ́.

Ọjọ́ orí táyà náà ńkọ́? Ẹ wá lẹ́tà DOT lára rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. 2322 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2022. Táyà tókunbọ̀ wà lára ohun tí ìjọba Nàìjíríà kà léèwọ̀ láti kó wọlé, síbẹ̀ ó kún ọjà. Fún iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe yìí, ẹ má rà á: ẹ̀gbẹ́ táyà ló máa jìyà jù, ẹ̀gbẹ́ táyà àtijọ́ ló sì ti gbẹ.

Márùn-ún ni kí ẹ rà. Sípíà tí kò bá àwọn yòókù dọ́gba ní gíga kò wúlò lórí ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń fà. Ó máa ń fa jíà àti dífù ya ara wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: àyè

Ẹ gbé táyà kan ṣoṣo wọ̀ ná. Ẹ dè é síwájú lápá òsì, kí ẹ yí sìtíárìn dé òpin lọ́tùn-ún, kí ẹ sì yí i dé òpin lósì. Lẹ́yìn náà, ẹ wa táyà náà gun orí búlọ́ọ̀kù tàbí igi tó nípọn kí ó lè wọ inú mọ́gáàdì dáadáa, kí ẹ tún yí i. Ẹ wo ibi mẹ́ta: rọ́bà inú mọ́gáàdì, ẹ̀yìn bọ́ńpà iwájú nísàlẹ̀, àti apá irin tó wà lókè táyà nínú. Tí ìka ọwọ́ kan kò bá lè kọjá láàárín táyà àti apá irin yẹn, kò gbà á. Ẹ rántí pé ẹrẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn, ẹrẹ̀ ilẹ̀ pupa tó bá gbẹ sì ń ha rọ́bà bíi fáìlì.

Láti 225/70R15 sí 235/75R15, táyà ga sí i láti nǹkan bíi mìlímítà 696 sí 734. Ìdajì ìyàtọ̀ náà, ìyẹn 19, ló wọ inú gíga ọkọ̀ láti ilẹ̀. Sípídómítà náà á máa parọ́: nígbà tó bá kọ 100, ẹ ti ń sáré bíi 105. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta sípésà, irin tí wọ́n ń fi sẹ́yìn rímù kó lè yọ síta, fún yín láti fi wá àyè. Ó ń ti táyà síta, ó sì ń jẹ bẹ́rìn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ara rímù fúnra rẹ̀

Ẹ tú táyà àtijọ́, kí ẹ ha ibi tí etí táyà ń jókòó títí irin á fi hàn. Ìpẹtà tó wú níbẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń bá jáde díẹ̀díẹ̀, táyà tí ẹ bá fún ní afẹ́fẹ́ lálẹ́ á ti rọ̀ láàárọ̀. Ẹ kun ún ní pẹ́ńtì fẹ́lẹ́ kó gbẹ dáadáa. Ẹ wo àyíká ihò nọ́ọ̀tì bóyá ó ti sán. Rímù tí wọ́n ti jó irin mọ́, ẹ fi sílẹ̀.

Tí rímù náà kò bá ní òkè kékeré tí mo sọ nípa rẹ̀ lókè, táyà tí kò lò tíúbù kò yẹ ẹ́ lóko rárá. Tíúbù kọ́ sì ni ojútùú rẹ̀: àwọn fọkanáísà máa ń fẹ́ fi tíúbù sínú táyà tí kò nílò rẹ̀, wọ́n á ní kó má baà jò. Lórí táyà tí a ó máa dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù, tíúbù ń ha ara táyà nínú, ó ń gbóná. Bí táyà bá sì yí lórí rímù díẹ̀, á fa fáàfù tíúbù já. Ìgbà tí tíúbù bá bẹ́, gbogbo afẹ́fẹ́ rẹ̀ ló ń lọ lẹ́ẹ̀kan.

Rímù alápá méjì ti Land Rover àti Land Cruiser àtijọ́, èyí tó ní òrùka irin tó ń dì í mú: ẹ má jẹ́ kí wọ́n tú u lẹ́bàá ọ̀nà. Òrùka yẹn ti pa èèyàn. Ibi tó ní àgò irin tí wọ́n ń ti rímù bọ̀ kí wọ́n tó fún un ní afẹ́fẹ́ nìkan ni kí ẹ gbé e lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: gbígbé e wọ̀

Ẹ gbé táyà sínú oòrùn fún bí wákàtí kan kó tó di pé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Táyà oko le, òtútù sì ń mú un le sí i.

Ọṣẹ àti omi, kó ki díẹ̀, ni ẹ ó fi pa etí táyà méjèèjì àti ètè rímù. Ọ́ìlì dúdú tí wọ́n tú kúrò nínú ẹ́ńjìnnì, gíríìsì, dísẹ́ẹ̀lì: ẹ má gbà. Wọ́n ń jẹ rọ́bà, wọn kì í sì í gbẹ, táyà á máa yọ́ lórí rímù lẹ́yìn tí ẹ bá ti rò pé iṣẹ́ ti parí. Ọṣẹ á gbẹ, á sì dì í mú.

Ẹ yẹ rímù wò kí ẹ tó dà á bolẹ̀. Kòtò wà láàárín rẹ̀, kòtò náà kì í sì í sábà wà ní àárín gan-an. Ó súnmọ́ ètè kan ju èkejì lọ. Ètè tó súnmọ́ kòtò ni kó dojú kọ òkè, ibẹ̀ ni táyà ń gbà wọlé. Ètè ìsàlẹ̀ rọrùn. Ti òkè ni wàhálà, nítorí kòtò rímù tóóró kéré, táyà fífẹ̀ sì ń ta pá. Àṣírí rẹ̀ ni pé kí ẹnì kan fi orúnkún tàbí gìgísẹ̀ tẹ etí táyà mọ́ inú kòtò ní òdìkejì ibi tí irin gígùn wà. Tí etí òdìkejì bá wà nínú kòtò, irin gígùn á gbé èyí tó kù wọlé pẹ̀lú agbára díẹ̀. Tí kò bá sí níbẹ̀, wọ́n á máa fi agbára fà á títí wáyà etí yóò fi já. Tí ẹ bá gbọ́ kẹ́kẹ́kẹ́ nínú etí táyà, ẹ ní kí wọ́n dúró. Díẹ̀díẹ̀ ni kí wọ́n máa fi irin gbé e, kí wọ́n má gbé ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan lọ lẹ́ẹ̀kan.

Ó ti wọlé báyìí. Ẹ yọ inú fáàfù kúrò kí afẹ́fẹ́ lè wọlé kíákíá, ẹ so rọ́bà pọ́ǹpù gígùn, tí orí rẹ̀ ń di fáàfù mú fúnra rẹ̀, mọ́ ọn, kí gbogbo èèyàn sì kúrò lójú táyà. Nítorí pé etí méjèèjì ti ń ya ara wọn tẹ́lẹ̀, táyà fífẹ̀ lórí rímù tóóró tètè máa ń gba afẹ́fẹ́ ju òdìkejì rẹ̀ lọ. Ẹ ó gbọ́ “pàá” kan, ẹ ó sì tún gbọ́ òmíràn: etí kọ̀ọ̀kan ti jókòó. Tí gẹ́ẹ̀jì bá dé 40 PSI tí ẹ kò tíì gbọ́ ọ, ẹ má fi kún un. Ẹ tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ẹ fi ọṣẹ pa á lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ gbá táyà nílẹ̀ káàkiri, kí ẹ tún gbìyànjú. Àwọn kan ń da bẹntiróòlù sí i, wọ́n á ṣáná sí i kó bú wọlé. Èmi á ti gbéra kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó mú ìṣáná jáde.

Ìlà tín-ín-rín kan wà lára táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ètè rímù. Ẹ wò ó yípo. Tí àyè tó wà láàárín ìlà náà àti ètè rímù bá ga níbì kan ju ibòmíràn lọ, táyà kò tíì jókòó. Nígbà tó bá dọ́gba yípo, ẹ dá inú fáàfù padà, ẹ fún un ní afẹ́fẹ́, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan ṣoṣo láti ara táyà kọjá sára rímù. Tí ìlà yìí bá ti pín sí méjì lẹ́yìn tí ẹ ti ti oko dé, táyà ti ń yí lórí rímù: afẹ́fẹ́ kéré jù, tàbí ọṣẹ kò tíì gbẹ, tàbí ọ́ìlì ni wọ́n fi pa á.

Ẹ bá mi mú un lọ fún bàláǹsì. Nọ́ọ̀tì náà, ẹ fi ọwọ́ di í ná, kí ẹ wá máa fi sípánà dì í ní ìkọjá, èyí tó dojú kọ ara wọn, títí gbogbo rẹ̀ á fi le. Ẹ tún un dì lẹ́yìn bíi kìlómítà 80.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: wíwá afẹ́fẹ́ tó bá a mu

Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò nìyí, òun sì ni ìdí tí wọ́n fi ń sọ pé rímù tóóró ń jẹ táyà. Nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn dírẹ́bà, táyà ti àtijọ́ ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ẹ má dúró síbẹ̀.

Ní òwúrọ̀, nígbà tí táyà ṣì tutù, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà gbọọrọ tó nípọn kọjá ojú táyà láti etí kan dé èkejì. Ẹ wa ọkọ̀ lọ tààrà fún bí ogún ìgbésẹ̀ lórí títì tó tẹ́jú, kí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀ wò ó. Bí ṣọ́ọ̀kì àárín nìkan ló pa rẹ́, tí ti ẹ̀gbẹ́ ṣì funfun, afẹ́fẹ́ pọ̀ jù: ẹ tú 2 PSI, kí ẹ tún un ṣe. Bí ti ẹ̀gbẹ́ ló pa rẹ́ tí ti àárín kù, ó kéré. Bó bá pa rẹ́ dọ́gba, ẹ ti dé ibẹ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ọkọ̀ òfìfo, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ẹrù yín gan-an, nítorí ti ẹ̀yìn á yàtọ̀ púpọ̀. Lórí rímù tóóró, ṣọ́ọ̀kì ẹ̀gbẹ́ gan-an kì í sábà pa rẹ́ tán. Ẹ má torí rẹ̀ máa tú afẹ́fẹ́ lọ láìdúró: èmi kì í jẹ́ kó kéré ju 28 lọ lórí títì, kódà lórí ọkọ̀ òfìfo.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wà á lórí títì fún wákàtí kan, ẹ dúró, kí ẹ tún fi gẹ́ẹ̀jì wò ó. Tí ó bá fi 4 sí 6 ga ju ti òwúrọ̀ lọ, ó dára. Tí ó bá ju 6 lọ, táyà ń gbóná jù, afẹ́fẹ́ tí ẹ fi sí i kò tó ẹrù. Gẹ́ẹ̀jì tiyín ni kí ẹ lò, ọ̀kan náà nígbà gbogbo. Gẹ́ẹ̀jì ẹ̀bá ọ̀nà méjì kì í sọ ohun kan náà.

Nínú oko

Ìdí tí a fi ṣe gbogbo èyí ni kí táyà lè gba kí a tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Lórí ọ̀nà olókùúta bíi ti àyíká Ìdànrè, 22 sí 25 PSI tó. Nínú ẹrẹ̀, 20 sí 22. Lórí yanrìn etíkun, bíi ti Bàdágìrì, 15 sí 18. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí i pé táyà gùn sí i lórí ilẹ̀, ohun tó ń gbé ọkọ̀ lórí yanrìn sì nìyẹn, gígùn rẹ̀ ju ìbú rẹ̀ lọ. 12 wà fún ìgbà tí ọkọ̀ bá ti rì, kó jáde, kí ẹ fi kún un lójú ẹsẹ̀. Iye wọ̀nyí jẹ́ ti ọkọ̀ òfìfo tàbí ẹrù díẹ̀. Tí ẹ bá di ẹrù, ẹ fi bíi 4 tàbí 5 kún un.

Ní 20, ẹ má sáré ju 40 lọ. Ní 15, bíi 20 ti tó. Ẹ má yí sìtíárìn lójijì, ẹ má sì jẹ́ kí táyà máa pòyì lásán kí ó tó dédé mú ilẹ̀ líle. Ìgbà yẹn ni etí ń yọ. Pọ́ǹpù kékeré tó ń lo bátìrì ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ìjókòó, nítorí kò sí bí ẹ ṣe máa bọ́ sórí títì pẹ̀lú 18 nínú táyà. Ẹ̀rọ ẹsẹ̀ mẹ́rin náà, ẹ pa á kí ẹ tó dé ọ̀dà.

Ẹ fọ ẹrẹ̀ inú rímù kúrò lọ́jọ́ kan náà. Ẹrẹ̀ tó gbẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan rímù ń mú kí sìtíárìn máa gbọ̀n, ọ̀pọ̀ ló sì ti lọ san owó bàláǹsì sí i lórí ẹrẹ̀ lásán. Lẹ́yìn bíi 1,000 kìlómítà, ẹ wọn jíjìn ojú táyà ní àárín àti ní ẹ̀gbẹ́. Tí àárín bá ti ń lọ ṣáájú, ẹ tú 2 PSI kúrò nínú ti títì, kí ẹ sì yí táyà káàkiri, sípíà náà wà lára rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ táyà lẹ́bàá ètè rímù. Bí ẹ bá rí ìlà sísán tàbí rọ́bà tó ń ṣí níbẹ̀, táyà yẹn ti parí.

Kí ẹ tó gbé ọkọ̀ lé dírẹ́bà lọ́wọ́, ẹ fi mákà kọ nọ́ńbà afẹ́fẹ́ tuntun náà sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ti òfìfo àti ti ẹrù, lórí síítíkà àtijọ́ gan-an. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fọkanáísà àkọ́kọ́ tó bá kàn á á fún un ní 40 yípo.